Òkun Ìlaró

Bí ẹ bá dé Ayétòrò, tí ẹ kò tíì pàdé Mùsíọ̀ Alfred, ẹ má dààmú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá yín kàn. Yóò sọ fún yín pé òun ti dé Kútọnu rí. Bí ẹ bá ní ẹ ti gbọ́, yóò tún un sọ, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún yín lè má mọ̀ ọ́n sọ.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì ni. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọdọ̀ pè é ní Tíṣà. Mùsíọ̀ ni. Alfred Arókun-má-wẹ̀yìn, Ọ̀rẹ́-ẹja, Faransé tó ń jẹ láfún! Ọ̀rọ̀ Faransé mẹ́ta ló gbọ́: bọ́nsúù, mẹ̀sí, àti sàvá. Ó máa ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan má baà jowú èkejì.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀. Fótò ńlá kan ni, nínú férémù aláwọ̀ góòlù. Alfred ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ló dúró níbẹ̀, dígí dúdú lójú, ọwọ́ ní ìbàdí, ẹnu sòkòtò rẹ̀ fẹ̀ tó láti gbálẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkun wà, tó dúdú bí ẹ̀lú, àti igi àgbọn mẹ́ta. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Èmi rèé ní Kútọnu, 1983."

Ìlaró ni òkun náà wà.

Ẹ fara balẹ̀, ẹ má tíì bínú sí i. Lọ́dún náà, Alfred ti pariwo fún gbogbo ìlú, pàápàá jù lọ fún ọmọge kan tó ń jẹ́ Àrìnpé, pé Kútọnu ni òun yóò ti lo họlidé. Owó ọkọ̀ rẹ̀ kò gbé e kọjá Ìlaró. Ó fi ọ̀sẹ̀ méjì sùn sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kó padà sílé, ó rí onífótò kan tó ta aṣọ fífẹ̀ sí àgbàlá, òkun ni wọ́n yà sára aṣọ náà. Ó dúró níwájú rẹ̀, wọ́n yà á ní fótò, ó sì di ará Kútọnu.

Àbùkù kan ṣoṣo ló wà lára fótò yìí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹnì kan wá dúró sẹ́yìn aṣọ, ó dì í mú kí òkun má baà fò lọ. Alfred kò rí ojú onítọ̀hún. Ìgbà tí wọ́n fọ fótò tán ló tó rí i pé ẹsẹ̀ kan ti yọ jáde lábẹ́ òkun, lápá òsì, láìwọ bàtà. Ìka mẹ́fà ló wà lára ẹsẹ̀ náà.

Nígbà tí Àrìnpé kọ́kọ́ béèrè, ó ní ẹsẹ̀ apẹja ni. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá ilé ìwé, ẹsẹ̀ náà gba ìgbéga, ó di ti ṣọ́jà tí ìjọba ibẹ̀ fi ṣọ́ òun. Láti ìgbà tó sì ti di ẹni ńlá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ áńgẹ́lì ni.

"Ìka mẹ́fà kẹ̀?" la bi í.

"Ṣé ẹgbẹ́ yín ni áńgẹ́lì ni?" ló fi dá wa lóhùn.

Àwa náà mi orí, a ní òtítọ́ ni. Ìlú tó gba irú èyí gbọ́ fún ogójì ọdún, ṣé Alfred nìkan ló yẹ ká máa fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fẹ̀yìntì ní àwọn fẹ́ jáde lọ gbafẹ́. Alhaja Toheebat, akọ̀wé ẹgbẹ́, dá a lábàá pé kí wọ́n lọ sí Abẹ́òkúta lọ wo Olúmọ. Ni Mùsíọ̀ bá dìde.

"Òkúta? Ẹ fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ wo òkúta? Òkúta ò sí lẹ́yìnkùlé yín ni? Kútọnu là ń lọ! Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Èmi ni n ó mú yín lọ, mo mọ ibẹ̀ bí ẹni mowó."

Ó yẹ kó jókòó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oyè Bàbá Ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ ti ṣófo láti ìgbà tí bàbá tó jẹ ẹ́ kẹ́yìn ti kú, fìlà oyè náà, aláràn-án pupa, sì wà nínú àpótí Alhaja. Mùsíọ̀ ti ń lá àlá fìlà yẹn fún ọdún méjì.

"Ibẹ̀ náà sì ni kí ẹ ti fi mí joyè," ló wí. "Létí òkun gan-an! Bí omi ṣe ń ké, kí ẹ máa dé mi ní fìlà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Lóòótọ́, ìbẹ̀rù mú un díẹ̀ nígbà tó délé. Ṣùgbọ́n ó tu ara rẹ̀ nínú. Kí ló tún kù láti mọ̀ nípa òkun? Omi ni. Kútọnu náà, ìlú ni. Dẹ́rẹ́bà mọ ọ̀nà, òun yóò kàn jókòó síwájú, yóò máa nawọ́. Ó ṣe tán, bí àwọn ọ̀gá ṣe ń darí ayé nìyẹn.

Ó gbé fótò rẹ̀ lọ fún Lukman, ọmọkùnrin tó ń tẹ bánà lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní kó sọ ọ́ di bánà tí wọn yóò so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì, kó sì kọ òwe òkun àti ọ̀sà yẹn sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà.

Lukman wo fótò náà títí. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gé ẹsẹ̀ yìí dànù. Ó ń ba àwòrán jẹ́."

"Ìwọ lo máa gé ẹsẹ̀ áńgẹ́lì? Má dán an wò! Ṣe ni kó o fẹ̀ ẹ́ sí i."

Lukman fẹ̀ ẹ́ sí i. Nígbà tí bánà náà jáde, ìka ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Kódà ẹni tí ojú ń dùn lè dúró sí òdìkejì títì kó ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Àárọ̀ Sátidé kan ni wọ́n gbéra, àwọn méjìdínlógún nínú bọ́ọ̀sì kan, Gideon ló ń wà á. Mùsíọ̀ gba ìjókòó iwájú, ó gba itan adìẹ tó tóbi jù nínú oúnjẹ ọ̀nà, ó sì gba ojú fèrèsé. Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ tuntun. Inú ìyá náà dùn débi pé kò lè pa ẹnu dé.

"Bàbá Ìdùnnú, lónìí lẹ máa fi ibi tí ẹ dúró sí hàn mí. Ibẹ̀ gẹ́lẹ́ lèmi náà fẹ́ dúró sí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé torí òkun yìí ni mo ṣe kọ télọ̀ Ìlobì yẹn sílẹ̀, tó ń fi ojoojúmọ́ rán aṣọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́."

Mùsíọ̀ wúkọ́. "Ìyá Ìdùnnú, iyanrìn máa ń sún kiri o. A ó wá ibẹ̀."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àrìnpé ni Màmá Ọdúnayọ̀ jókòó sí. Tíṣà fẹ̀yìntì lòun náà, ṣùgbọ́n Ìlaró ló ti ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ló bá kó wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ayétòrò. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òjò ni o, oòrùn ni o, ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀ kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, a sì ti gbà pé òtútù ló ń mú un.

Nígbà tí wọ́n la Ìlaró kọjá, ìyá yìí fi ọwọ́ kan èjìká Mùsíọ̀.

"Mùsíọ̀, ẹ ṣeun o. Ọ̀rọ̀ òkun yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi. Ọkọ mi ya òkun títí ó fi kú, kò sì fojú rí i rí. Ara kàlẹ́ńdà ló ti wò ó. Mo fẹ́ lọ wò ó bóyá ó yà á bó ṣe rí."

Itan adìẹ dúró lẹ́nu Mùsíọ̀. "Yà á kẹ̀? Iṣẹ́ wo ni bàbá ń ṣe?"

"Fótò ni. Kòkúmọ́ Fótò. Àgbàlá wa ló wà lẹ́yìn ọjà tá a kọjá yẹn."

Mùsíọ̀ gbé itan adìẹ sílẹ̀. Ó mọ àgbàlá náà. Ó mọ ògiri rẹ̀, ó mọ ìṣó tí wọ́n fi òkun kọ́. Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀, ó sì rí i pé ìyá náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni ìyá náà sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Onífótò kì í tú àṣírí oníbàárà rẹ̀. Bí ọkọ mi ṣe ṣe é nìyẹn, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ó ṣe ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá fi ẹlòmíràn lọ́kàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n òpùrọ́ kì í gbà pé ẹnikẹ́ni lè mú ìlérí ṣẹ. Láti ibẹ̀ lọ, ohun kan ṣoṣo ni Mùsíọ̀ ń wá, bí bọ́ọ̀sì náà kò ṣe ní dé etí òkun.

Wọ́n gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí òdìkejì ààlà. Bí wọ́n ṣe ń jáde ní Àjàṣẹ́, wọ́n gun afárá kan, omi sì tẹ́ lọ rẹrẹ lọ́tùn-ún lósì. Mùsíọ̀ gbàgbé ète tó ń dá, ó fò sókè lórí ìjókòó.

"Ẹ wò ó! Òkun! Òkun rèé! Ẹ wò ó bí mo ṣe sọ fún yín!"

Gideon kò tilẹ̀ dín eré kù. "Bàbá, ọ̀sà nìyẹn o. A ò tíì rí òkun."

Kò sí ẹni tí kò rántí òwe tó wà lára bánà.

"Lásìkò tèmi, òkun ni," ni Mùsíọ̀ wí. "Wọ́n ti dín in kù."

Ní Kútọnu, ó kó wọn lọ wo ère obìnrin jagunjagun gàgàrà tó dúró gbọnran lójú ọ̀run. "Ẹ ń wò yẹn? Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe gbé e dìde ní 1983."

Alhaja Toheebat ti ń tẹ fóònù. "Mùsíọ̀, wọ́n ní ọdún 2022 ni."

"Èyí kọ́ ni mò ń wí. Ìyá èyí ni mo rí."

Ó kó wọn wọ ọjà ńlá tó wà lẹ́bàá ọ̀sà, ó ń rìn níwájú bí ẹni tó ni ín. Ó tẹ̀ síwájú obìnrin oníbúrẹ́dì kan, ó tẹrí ba bí òyìnbó, ó sì tú gbogbo Faransé rẹ̀ sílẹ̀ pátá: "Bọ́nsúù mẹ̀sí sàvá!"

"Ẹ kú ìrìn, bàbá," ni obìnrin náà wí. "Ẹ máa ra èyí tó gbóná ni? Ẹ̀gúà lápá Ayétòrò ni wọ́n ti bí ìyá mi o. Ohùn yín jọ tiwọn."

Aago mẹ́ta lọ, ẹsẹ̀ ń ro àwọn àgbàlagbà. Mùsíọ̀ ṣì ń kó wọn wọ ìsọ̀ kan jáde nínú òmíràn. Nígbà tó rẹ gbogbo wọn, tí wọ́n padà sínú bọ́ọ̀sì, ó gbé ojú ìbànújẹ́ wọ̀.

"Ẹ̀yin ará, ó dùn mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni. Wọn kì í ṣí òkun lọ́jọ́ Sátidé."

Gideon yí padà wò ó. "Bàbá, kí ni wọ́n fi ń tì í? Kọ́kọ́rọ́ ni àbí àgádágodo?"

Kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, Alhaja Toheebat gbé ọ̀rá kan sókè. "Mùsíọ̀, fìlà yìí wá ńkọ́? Ṣé ká gbé e padà sílé ni?"

Àrán pupa yọ lẹ́nu ọ̀rá, ó ń dán. Mùsíọ̀ wò ó. Ìbẹ̀rù ń fà á sẹ́yìn, fìlà ń fà á síwájú, fìlà ló borí.

"Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó," ló wí. "Àwọn tó ń ti ibẹ̀ mọ̀ mí."

Ariwo òkun ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró lẹ́bàá iyanrìn, Mùsíọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó gbójú sókè, fún odidi ìṣẹ́jú kan kò sì rí irọ́ kankan pa. Kò mọ̀ pé òkun máa ń mí. Kò mọ̀ pé kò lópin. Ó tóbi ju gbogbo irọ́ tó ti fi ogójì ọdún pa nípa rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ sì fẹ́ ṣomi díẹ̀.

"Ibo lẹ dúró sí, Bàbá Ìdùnnú?" ni Àrìnpé bi í.

"Níbí."

"Igi àgbọn mẹ́ta yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú. Mo kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí wọn nígbà náà."

Kò fẹ́ kí ìbéèrè kẹta dé. Ó sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì, ó dúró sábẹ́ bánà ara rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì tẹrí síwájú. Àwọn ẹgbẹ́ yí i ká. Alhaja yọ fìlà nínú ọ̀rá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì tí Mùsíọ̀ fúnra rẹ̀ kọ fún un: Arókun-má-wẹ̀yìn, Ọ̀rẹ́-ẹja, Ẹni-áńgẹ́lì-ń-tẹ̀lé!

Màmá Ọdúnayọ̀ kò sí láàárín wọn. Ó ti lọ bá òkun. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó bọ́ bàtà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, lẹ́yìn náà ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Omi rọ́ wá, ó bo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ìyá àgbà náà sì bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Ó yà á dáadáa!" ló ń ké. "Kòkúmọ́, o yà á o! Aró rẹ nìkan ló pọ̀ jù!"

Gbogbo wọn yíjú. Ìyá náà ń bọ̀ lórí iyanrìn tútù, omijé àti ẹ̀rín lójú rẹ̀, bàtà lọ́wọ́. Ó wá fara ti ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì láti gbọn iyanrìn nù. Ibi tó fara tì gan-an, abẹ́ ẹsẹ̀ inú bánà ni.

Gideon tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Ó gbójú sókè wo bánà, ó kà á. Ó tún wo ilẹ̀, ó tún un kà.

"Ẹ gbà mí o!" ló figbe ta. "Áńgẹ́lì ti sọ̀kalẹ̀!"

Fìlà dúró lójú òfuurufú, ìwọ̀n ọwọ́ kan sí orí Mùsíọ̀. Gbogbo ojú ń lọ sókè, wọ́n ń bọ̀ nílẹ̀. Ẹsẹ̀ kan náà ṣáà ni, ìka kẹfà tó tẹ̀ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀.

Àyè ṣì ṣí sílẹ̀ fún Mùsíọ̀ láti dákẹ́. Kò mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ẹ ò rí i bí iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe rí!" ló wí, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó tẹjú mọ́ Màmá Ọdúnayọ̀, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. "Màmá, àṣé ẹ̀yin náà wà ní Kútọnu ní 1983!"

Ìyá náà wò ó tàánútàánú.

"Mùsíọ̀, mo ní n kò ní sọ̀rọ̀, n kò sì sọ. Ẹsẹ̀ mi ni kò bá yín ṣàdéhùn. Ṣùgbọ́n ẹ ti wá bi mí léèrè báyìí, n kò sì lè purọ́ níwájú òkun tí ọkọ mi kò rí." Ó kọjú sí àwọn yòókù. "Òní ni mo kọ́kọ́ dé Kútọnu. Àgbàlá wa ní Ìlaró ni fótò yẹn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, mo bá ọkọ mi di òkun mú. Olúgbódi ni ìyá mi sọ mí nígbà tó bí mi sí Afọ̀n, torí ìka yìí. Wọ́n fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí, mo bá bò ó mọ́lẹ̀. Èmi ò mọ̀ pé ẹ ti sọ mí di áńgẹ́lì."

Àrìnpé ló kọ́kọ́ kígbe.

"Ogójì ọdún! Mo kọ télọ̀ sílẹ̀, aṣọ náà ni mo tún padà wá fẹ́!"

Ẹ̀rín ya lulẹ̀. Àwọn kan dì mọ́ bọ́ọ̀sì, àwọn kan jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn. Àwọn apẹja tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fi àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n wá bá wọn rẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì kan tó ń kọjá túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wọn sí Ègùn àti Faransé, wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín lákọ̀tun. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Alhaja Toheebat wo fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rìn kọjá Mùsíọ̀, ó sì dé e lé Màmá Ọdúnayọ̀ lórí.

"Ẹni tó fi ọwọ́ méjì di òkun mú fún odidi ìlú," ló wí, "òun ló ni oyè."

Mùsíọ̀ ṣì kúnlẹ̀. Ojú tì í gan-an, irú ìtìjú tó máa ń mú etí gbóná. Ó wo bánà, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó fọwọ́ sí ìbàdí níwájú aṣọ kíkùn. Ó rántí pé ebi ń pa ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, àti pé ó yá dígí ojú rẹ̀ lọ́wọ́ onífótò ni. Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀ níbi tó jìn. Nígbà tó jáde, tirẹ̀ ló ròkè jù, tirẹ̀ ló sì pẹ́ jù.

"Mo kọ lẹ́tà sí igi àgbọn!" ló ń wí, ó ń fi ọwọ́ lu iyanrìn. "Àrìnpé, mo kọ lẹ́tà sí igi!"

Kí oòrùn tó wọ̀, Màmá Ọdúnayọ̀ ní òun fẹ́ ya fótò kan tí òun yóò gbé lọ sí ibojì ọkọ òun. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé ìborùn rẹ̀ fò kiri. Kò sí ẹni tó rán Mùsíọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sáré lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, ó fa etí ìborùn náà mú, ó sì sá orí sẹ́yìn kí ojú òun má baà wọnú fótò.

Bí ẹ bá dé Ayétòrò báyìí, ẹ yà sílé Tíṣà Alfred. Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà ni. Fótò méjì ló wà lára ògiri rẹ̀. Ẹ óò rí Màmá Ọdúnayọ̀ nínú èyí tuntun, fìlà àrán lórí, ẹsẹ̀ lásán nínú omi, gbogbo ìka rẹ̀ pé. Bí ẹ bá wo igun òsì dáadáa, ẹ óò rí bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó yọ jáde, iyanrìn ti kún inú rẹ̀.

"Tíṣà, ẹsẹ̀ ta nìyí?" làwọn àlejò máa ń béèrè.

Kì í tètè dáhùn. Ó máa ń kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ibi tí Àrìnpé ti ń dẹtí.

"Ẹsẹ̀ ẹnì kan tó dé Kútọnu ni," ni yóò wí. "Lẹ́ẹ̀kan."